Bí ọmọ ọdún 14 bá ní òun ò lọ kí bàbá òun mọ́: bí ẹ ṣe lè gbé ọ̀rọ̀ náà ní Ìkòròdú

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ọmọbìnrin kan láti SS1 kan ilẹ̀kùn yàrá tí mo ti ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn níléèwé wa. Báàgì wà ní èjìká rẹ̀. Aṣọ méjì ló wà níbẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì, ìwé Báọ́lọ́jì kan, àti ike gaàrí tí màmá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ìyá bàbá rẹ̀. Àgbádárìgì ni bàbá ń gbé. Ọmọ náà àti màmá rẹ̀ wà ní Sábó, níbí ní Ìkòròdú. Láti alẹ́ Ọjọ́rú ló ti di báàgì náà, ó tú u, ó tún dì í. Ìbéèrè tó gbé wá bá mi ni pé: “Àǹtí, tí mi ò bá lọ, ṣé ọlọ́pàá máa wá mú màmá mi?”

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò sì tíì rí sáà ẹ̀kọ́ kan tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ò wáyé. Àwọn àgbà ń jà lórí ọmọ, ọmọ ń rò pé òun ló máa kó àgbà sí wàhálà. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí, fún òbí tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, fún òbí tí ọmọ ń lọ kí, àti fún ọmọ gan-an.

Ìdáhùn kúkúrú tí mo fún un náà ni màá fún yín. Òfin ilẹ̀ wa ò dá ọjọ́ orí kan tó jẹ́ pé bí ọmọ bá ti pé e, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ló máa dá ẹjọ́. Adájọ́ máa gbọ́ ọ. Bí ọmọ bá ṣe dàgbà tó, tí òye rẹ̀ sì jinlẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wúwo tó, ṣùgbọ́n adájọ́ ló máa pàṣẹ. Títí àṣẹ kóòtù tuntun lórí ìbẹ̀wò á fi jáde, ti àtijọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ọlọ́pàá kì í wá mú ìyá torí pé ọmọ kọ̀ láti lọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Àmọ́ bàbá lè padà sí kóòtù láti sọ pé ìyá ń rú àṣẹ, kóòtù sì lè fìyà jẹ ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ rú àṣẹ rẹ̀. Torí náà, a ò gbọ́dọ̀ fi “ọmọ ló ní òun ò lọ” bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ kí oṣù mẹ́ta fi kọjá.

Ẹ mú ìwé àṣẹ náà jáde ná

Ó máa yà yín lẹ́nu bí àwọn òbí tó ń jà lórí àṣẹ tí wọn ò kà rí ṣe pọ̀ tó. Ẹ wá ìwé náà. Tó bá ti sọnù, ẹ lọ sí réjísìrì kóòtù tó dá ẹjọ́, kí ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù.

Kóòtù tó fún yín ní àṣẹ ṣe pàtàkì, torí ibẹ̀ náà lẹ máa padà sí. Tó bá jẹ́ réjísìrì ni wọ́n ti so yín pọ̀, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ láti so èèyàn pọ̀, ilé ẹjọ́ gíga ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, lábẹ́ òfin ìgbéyàwó ti 1970. Ìkòròdú ní ilé ẹjọ́ gíga tiẹ̀, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì náà ní tiwọn. Tó bá jẹ́ ìdána nìkan ni, tàbí yìgì, kóòtù ìbílẹ̀ ló sábà máa ń gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ láì fẹ́ra yín, kóòtù ẹbí tí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé dá sílẹ̀ lè gbọ́ ẹjọ́ tiyín lórí ọ̀dọ̀ ẹni tí ọmọ máa gbé àti bí ẹnì kejì á ṣe máa rí i.

Ẹ kà á dáadáa. Àwọn àṣẹ kan dárúkọ ọjọ́ àti aago: ìparí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ìdajì họlidé. Àwọn mìíràn kàn ní kí bàbá máa rí ọmọ níwọ̀n tó bójú mu, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹ̀yin méjèèjì. Tí tiyín bá jẹ́ irú kejì yìí, ẹ lè yí ọjọ́ padà pẹ̀lú àdéhùn láì dé iwájú adájọ́ rárá. Tó bá jẹ́ àdéhùn mọ̀lẹ́bí lásán lẹ ní, tí kò sí ìwé kankan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí ẹ fọwọ́ sí i.

Ohun tí òfin sọ nípa ẹnu ọmọ

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007, ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọ. Ire ọmọ ni òfin náà fi ṣáájú ohun gbogbo. Apá 158 òfin 2003 ní kí ìjókòó kóòtù wà ní ọ̀nà tí ọmọ á fi lè sọ tinú rẹ̀, kó sì kópa nínú ẹjọ́ tó kàn án. Apá 155 fún un ní ẹ̀tọ́ láti ní lọ́yà tirẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà: lọ́yà ti ọmọ, yàtọ̀ sí ti bàbá àti ti ìyá. Ọ̀pọ̀ òbí tí mo sọ ọ́ fún ni kò gbọ́ ọ rí.

Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọ ti 1989, èyí tí Nàìjíríà gbà wọlé ní 1991, ní ẹ̀ka méjì tó yẹ ká máa kà pọ̀. Ẹ̀ka 12 ní kí a gbọ́ èrò ọmọ tó bá ti lè ní èrò, kí a sì wọ̀n ọ́n bí ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ bá ṣe rí. Ẹ̀ka 9 ní ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ òbí kan ní ẹ̀tọ́ láti máa rí òbí kejì déédéé, àfi tí ìyẹn bá máa pa á lára. Ẹ ò rí i pé ọmọ ló ni ìbẹ̀wò náà? Kì í ṣe gbèsè tí ìyá jẹ bàbá.

Àwa Yorùbá gbà pé bàbá ló lọmọ, mọ̀lẹ́bí sì máa ń gbé e síwájú nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ bá dé orí rẹ̀. Níwájú adájọ́, ire ọmọ ló ṣáájú. Nínú ẹjọ́ Odogu àti Odogu, èyí tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ní 1992, wọ́n là á mọ́lẹ̀ pé ire ọmọ kì í ṣe aṣọ tó dáa, oúnjẹ, ẹ̀rọ amúlétutù àti tẹlifíṣọ̀n. Ìdùnnú ọmọ àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń dàgbà ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí a ṣe ń lọ.

Ẹ wá ìdí rẹ̀, ẹ má sáré

Ibí ni iṣẹ́ wà jù, ibẹ̀ sì ni àwa àgbà kì í ní sùúrù sí. Bí ọmọ bá ti ní “mi ò lọ mọ́”, ìyá á gbọ́ pé ọmọ ti mọ irú ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́, bàbá á gbọ́ pé ìyá ti kọ́ ọmọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Ó lè má jẹ́ ọ̀kankan níbẹ̀.

Ọmọbìnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ohun tó kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé, “Ó kàn sú mi ni.” Mi ò bá a jiyàn. Mo ní kó sọ fún mi bí ọjọ́ Sátidé ṣe máa ń lọ ní Àgbádárìgì, láti ìgbà tó bá dé ẹnu ọ̀nà. Ó ń sọ, ó ń sọ: oúnjẹ, àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì tí ìyàwó bàbá rẹ̀ bí, bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó dé orí alẹ́, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Pálọ̀ ló ń sùn, lórí àga gígùn. Àwọn àbúrò kì í pa tẹlifíṣọ̀n títí di ààjìn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan oṣù, kò síbi tó lè tọ́jú páàdì sí, kò síbi tó lè ti pààrọ̀ aṣọ láìjẹ́ pé ẹnì kan já wọlé. Ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún bàbá? Kò tilẹ̀ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, torí ẹ̀rù ń bà á pé ìyá á fi ṣe ìjà. Kò bá bàbá rẹ̀ jà rárá. Ilẹ̀kùn tó ṣeé tì ni kò ní.

Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Torí náà ẹ bi í, ṣùgbọ́n ẹ má bi í nígbà tí inú yín ń ru sí ẹnì kejì, ẹ má sì bi í níwájú àwọn àbúrò tàbí àlejò. Inú mọ́tò dáa, torí ẹ ò ní máa wo ara yín lójú. Ẹ má béèrè pé “kí ni bàbá rẹ ṣe fún ẹ?” torí ìbéèrè yẹn ti dá ẹjọ́ tán. Ẹ béèrè pé: báwo ni ọjọ́ náà ṣe máa ń rí? Apá wo ló máa ń wù ẹ́? Apá wo ló máa ń ṣe ẹ́ bíi kó tètè parí? Ká ní o láṣẹ láti yí nǹkan kan padà, kí ni? Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dákẹ́. Ọmọ ọdún 14 lè gba ogún ìṣẹ́jú kó tó sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀.

Lára ohun tí mo máa ń gbọ́ jù: ọ̀nà tó jìn (ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú, ó di Mile 12, ó di Oṣòdì, ó di Mile 2, kó tó wá kojú ọ̀nà Àgbádárìgì, mọ̀ pé ìdajì Sátidé ti lọ), lẹ́sìnnì àti ìdánwò, ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́ akọrin, bàbá tó máa ń fi ọmọ sílé jáde ní gbogbo ọjọ́ ìbẹ̀wò, òbí tó ń sọ̀rọ̀ òbí kejì láìdáa. Òmíràn tún wà tí ẹ ní láti fetí sí gidigidi: ọmọ tí kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ dá sunkún nílé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ lọ, àmọ́ ó ń ka lílọ sí ọ̀dàlẹ̀. Ìyá nìkan ló lè tú u sílẹ̀, kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́: “Lọ kí bàbá ẹ. Ara mi le. Tó o bá dé, wàá sọ fún mi bó ṣe lọ.”

Tí ohun tí ẹ gbọ́ bá jẹ́ lílù tó ń dá ọgbẹ́, ìfọwọ́kàn tí kò tọ́, oògùn olóró, tàbí ìhalẹ̀, ẹ dá ìwé yìí dúró níbí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ̀lẹ́bí mọ́, ẹ má pe ìpàdé kankan. Ẹ má fi ọmọ ránṣẹ́. Ẹ pe 112 tàbí 767 tó bá jẹ́ pàjáwìrì, ẹ sọ fún Domestic and Sexual Violence Agency ti Ìpínlẹ̀ Èkó tí a mọ̀ sí DSVA, ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, kí lọ́yà yín sì wá iwájú adájọ́ kíákíá kó dá àṣẹ ìbẹ̀wò náà dúró. Ẹ má máa bi ọmọ ní ìbéèrè kan náà léraléra. Ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.

Ẹ fún ọmọ ní apá yìí kó kà á

Ìwọ ọmọ ni mò ń bá wí báyìí. O lè sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ fún bàbá tàbí ìyá rẹ kó má sì jẹ́ àfojúdi. Ohun tó máa ń sọ ọ́ di àfojúdi ni pípa fóònù mọ́ wọn lójú, fífi ọ̀rọ̀ rán àbúrò, tàbí kíkọ “mi ò wá” lórí WhatsApp láì kí wọn. Kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé. Pín in sí méjì: ohun tí mi ò fẹ́, àti ohun tí mo fẹ́ dípò rẹ̀. Bí o kò bá ní ohun kejì, àgbà á rò pé ṣe lo fẹ́ pa wọ́n tì.

Ohun tí èmi àti ọmọbìnrin yẹn jọ kọ nìyí, mo gba àṣẹ rẹ̀ kí n tó fi síbí: “Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó wù mí kí n máa wá. Ohun tó ń ni mí lára ni pé pálọ̀ ni mo ń sùn, mi ò sì níbi tí mo lè ti pààrọ̀ aṣọ. Mo ti dàgbà báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè máa sùn ní yàrá Màmá Àgbà? Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí n máa wá ní họlidé, kí a sì máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní gbogbo alẹ́ Sunday.” Wo bó ṣe ṣe é. Kò dárúkọ ìyá rẹ̀, kò ka ẹ̀ṣẹ̀ ìyàwó bàbá, ó sì gbé ọ̀nà méjì kalẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá wúwo jù fún ẹnu rẹ, wá ẹni tí bàbá rẹ kì í já ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, màmá rẹ̀, álífà tàbí pásítọ̀ rẹ̀. Tíṣà olùdámọ̀ràn níléèwé rẹ náà lè pè é. Ìwọ kọ́ ni yóò sọ ẹni tó jàre nínú ìjà wọn. Bí ẹnì kan bá bi ẹ́ pé “ta lo fẹ́ràn jù?”, o ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ dáhùn ìyẹn.”

Ìpàdé àwọn àgbà

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo máa ń sọ ọ́ fún bàbá tó bá ní “kí ni ọmọdé mọ̀?” Ọmọ tó mọ ọ̀nà láti Sábó dé Àgbádárìgì ní òun nìkan, tó ń wọ ọkọ̀ mìíràn ní Mile 2, ó mọ nǹkan kan.

Tí ẹ̀yin méjèèjì ò bá lè jókòó pọ̀ láì jà, ẹ lọ sí Citizens’ Mediation Centre ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á pe ẹnì kejì, wọ́n á bá yín là á, wọ́n á sì kọ àdéhùn tí ẹ máa fọwọ́ sí. Ẹ béèrè pé kí wọ́n gbọ́ ọmọ lọ́tọ̀, kì í ṣe láàárín yín. Bí àṣẹ kóòtù bá ti wà nílẹ̀, ẹ gbé àdéhùn tuntun náà padà sí kóòtù kí adájọ́ fi ṣe àṣẹ, kí ẹnikẹ́ni má bàa yí ohùn padà lọ́la.

Ẹ má lọ síbẹ̀ láti bá ara yín jiyàn lórí bóyá ọmọ á lọ tàbí kò ní lọ. Bí á ṣe máa lọ ni kí ẹ bá ara yín sọ: ọjọ́ wo, ibo ni ẹ ti máa pàdé láti gba ọmọ, ta ló máa san owó ọkọ̀, yàrá wo ló máa sùn, aago mélòó ló lè pe òbí kejì. Sáà tí ọmọ bá ń ṣe WAEC tàbí ìdánwò JSS3, ẹ dín ìbẹ̀wò kù kí ẹ sì fi ọjọ́ họlidé dí i. Ẹ pín Iléyá, Kérésìmesì àti Ọdún Àjíǹde. Ní ìlú wa níbí, ẹ má gbàgbé ọjọ́ ọdún ìbílẹ̀ Mágbó: obìnrin kì í jáde ní Ìkòròdú lọ́jọ́ náà, torí náà tó bá bọ́ sí ọjọ́ tí ọmọbìnrin yẹ kó rìn, ẹ ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni yóò lọ. Mo ti rí i tí bàbá kan ka irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀tẹ̀ ìyá, tó sì di ariwo ńlá.

Owó iléèwé ńkọ́? Ọ̀tọ̀ ni. Bàbá tí kò san owó iléèwé jẹ̀bi ìyẹn, ẹ sì lè pè é lẹ́jọ́ lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọmọ ṣe ohun ìdógò. Bákan náà ni bàbá ò lè sọ pé “wọn ò jẹ́ kí n rí ọmọ mi, mi ò sanwó.”

Tó bá di kóòtù

Bí gbogbo rẹ̀ bá já sí pàbó, òbí tó fẹ́ àyípadà á mú ìwé lọ sí kóòtù tó pàṣẹ tẹ́lẹ̀ pé kó tún un ṣe. Ìwé ìbúra máa bá a lọ, níbi tí ẹ máa ti ṣàlàyé ohun tó ti yí padà láti ìgbà àṣẹ àkọ́kọ́: ọmọ ọdún 6 ti di 14, bàbá ti kó lọ sí ìlú tó jìn, ìdánwò dé. Tí agbára lọ́yà ò bá sí, ẹ lọ bá Office of the Public Defender ti ìpínlẹ̀ tàbí Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀. Kí ẹ sì béèrè nípa lọ́yà fún ọmọ náà, bí mo ṣe sọ lókè.

Ìpele yìí ni ohùn ọmọ ti ń dé etí adájọ́, ọ̀nà mẹ́ta ló sì sábà máa ń gbà. Lábẹ́ apá 71 òfin ìgbéyàwó ti 1970, adájọ́ lè sún ẹjọ́ síwájú kí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà lọ wo ilé méjèèjì, kó bá ọmọ sọ̀rọ̀, kó sì kọ ìròyìn wá. Adájọ́ náà lè pe ọmọ wọ yàrá rẹ̀, láìsí bàbá, láìsí ìyá, láìsí aṣọ dúdú àti wíìgì. Tàbí kí lọ́yà ọmọ sọ ọ́.

Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà bá ń bọ̀, ẹ má kun ilé tuntun, ẹ má ra fóònù fún ọmọ. Ẹ má sì kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ti gbọ́ ọmọ tó ń lo ọ̀rọ̀ lọ́yà rí. Bí ọmọ ọdún 13 bá ní “bàbá mi kò kájú òṣùwọ̀n gẹ́gẹ́ bí òbí”, wọ́n mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ohun tí ọmọ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ nípa àga gígùn pálọ̀ yẹn wúwo ju ojú ìwé mẹ́wàá tí àgbà kọ lọ. Ẹ kàn sọ fún un pé: òótọ́ ni kó sọ, kò sí ìdáhùn tó burú, àti pé bí adájọ́ bá ṣe ohun mìíràn, kì í ṣe pé wọn ò gbọ́ ọ.

Ẹ má gbé e sórí Facebook o. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ka gbígbé orúkọ, àwòrán tàbí iléèwé ọmọ tó wà nínú ẹjọ́ jáde léèwọ̀, bí àánú bá tilẹ̀ ń ṣe yín.

Láàárín ìgbà tí ẹ fi ń dúró de adájọ́, tí kò bá sí ewu, ẹ máa tẹ̀ lé àṣẹ tó wà. Ẹ múra ọmọ, ẹ gbé e dé ibi àdéhùn. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ má fi ipá tì í sínú mọ́tò. Ẹ pe òbí kejì níwájú rẹ̀, kí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ dá ọjọ́ mìíràn, kí ẹ sì kọ ọjọ́, aago àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé kan tí ẹ yà sọ́tọ̀.

Fún òbí tí ọmọ kọ̀ láti wá kí

Mo mọ̀ pé ó ń dunni. Mo ti rí ọkùnrin tó jókòó ní gáréèjì láti aago mẹ́sàn-án títí di aago kan, tó ń wo gbogbo ọkọ̀ tó ń wọlé. Ẹ má fi ọlọ́pàá lọ gbé ọmọ. Ẹ máa pè é lọ́jọ́ kan náà ní aago kan náà, kó kúrú, kó má sì ní ẹ̀bi nínú. Ẹ wá wò ó níléèwé lọ́jọ́ eré ìdárayá. Ẹ lè sọ pé kí ìbẹ̀wò kan wáyé níbí ní Ìkòròdú dípò tiyín, kí ẹ jọ jẹun, kí ó padà sílé lọ sùn. Kí ẹ sì bi í, lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dákẹ́ gbọ́ èsì: “Kí ni mo lè tún ṣe nílé tó máa jẹ́ kó rọrùn fún ẹ?”

Bàbá ọmọbìnrin wa ka lẹ́tà yẹn, kò dáhùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́: bẹ́ẹ̀dì kékeré ní yàrá Màmá Àgbà, àpótí onídérí kan nísàlẹ̀ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lára àpótí náà. Kóòtù ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. A tún àdéhùn náà yẹ̀ wò ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo họlidé, torí ohun tó bá ọmọ SS1 mu lè máà bá ti SS3 mu. Ó ti pé ọdún 18 báyìí, àṣẹ ìbẹ̀wò ò sì dè é mọ́. Ó ṣì ń lọ. Ike gaàrí ṣì máa ń wà nínú báàgì.